Ẹnì Kan Kò Tíì San

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé kì í ṣe ewì ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Olóòtú wa ti ń bi mí léèrè ewì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì ní ọ̀kan nílẹ̀ tí mo lè fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Arámọkọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 tí kò jẹ́ kí ewì kankan dùn mọ́ mi lẹ́nu títí mo fi jókòó láti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tún ni, èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni wọ́n sì ní kí n lọ tú u. Ẹni tó bá rò pé àwọn onísáyẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n ń rí bẹ̀ níṣẹ́ nílé, kó máa kà á lọ.

Gbogbo wa la mọ èsúsú. Ẹni mẹ́wàá á kó ara wọn jọ, oníkálukú á máa dá iye kan náà lóṣooṣù, ẹnì kan á sì máa kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà títí yóò fi kárí. Kì í ṣe àjọ o. Alájọ máa ń yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, owó tí ìwọ fúnra rẹ bá sì dá náà ni wàá gbà padà. Ní ti èsúsú, owó ẹgbẹ́ rẹ lò ń kó ṣáájú. William Bascom, òyìnbó Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí láàrin wa, kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu títí dòní. Ohun tó gbé èsúsú ró ni olórí rẹ̀. Òun ló mọ ẹni tó san àti ẹni tí kò san, òun náà la sì máa ń bú.

Nínú ẹbí wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe olórí. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, mẹ́wàá ni wọ́n: méjì ní Arámọkọ, ọ̀kan ní Ìjerò, ọ̀kan ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, mẹ́ta l'Ékòó, ọ̀kan l'Ábùjá, méjì nílùú òyìnbó. Èmi ò sí níbẹ̀. Ta ni yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 50 dọ́là lóṣù? Wọ́n ti ṣe é ní náírà rí, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú okùn lọ́rùn náírà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ti gùn kọjá 1,500 nígbà tí yóò fi di oṣù kejì 2024. Ẹni tó kọ́kọ́ kó èsúsú ra màlúù, ẹni tó kó kẹ́yìn ra pọ̀nmọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pinnu pé USDT làwọn ó máa dá, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so mọ́ dọ́là, ọ̀kan sí ọ̀kan. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti pàṣẹ fún àwọn báńkì ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2021 pé kí wọ́n má bá oníkíríptò da nǹkan pọ̀, àmọ́ wọ́n ti dẹ okùn yẹn ní oṣù kejìlá 2023, nítorí náà ẹ̀rù ọlọ́pàá kọ́ ló bà wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Ẹ̀fọ̀n tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Injiníà là ń pè é. Òun ló sọ pé kí wọ́n má wulẹ̀ fi èèyàn kankan ṣe olórí, pé òun yóò kọ smart contract kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ olórí. Orúkọ yẹn lè mú yín rò pé ìwé tí lọ́yà ń tẹ̀ ni. Rárá o. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tí wọ́n gbé sórí blockchain, níbi tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ti ń tọ́jú ìwé ìṣirò kan náà, tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Nick Szabo, tó lo orúkọ náà ní àwọn ọdún 1990, fi ẹ̀rọ tó ń ta mínírà ṣe àpẹẹrẹ: ki owó bọ̀ ọ́, á já mínírà sílẹ̀, bí owó kò bá pé, kò ní já a, kò sì sí ẹni tí wàá bẹ̀. Ethereum tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2015 ló sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé lè lò. BNB Chain ni Injiníà lò, nítorí pé owó iṣẹ́ ibẹ̀ kò wọ́n.

Òfin inú rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ. Lóṣooṣù, oníkálukú yóò ti orí wọ́lẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀, tí wọ́n ti forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, tẹ ohun tí Injiníà pè ní "san". Nígbà tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ti san, ẹni tó kàn yóò tẹ "ko", 500 dọ́là yóò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Láti oṣù kìn-ín-ní 2025 títí dé oṣù kẹrin, ó ń lọ geere. Màmá Àgbà, tí wọn kò fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ní wáyà nínú, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un.

Ní oṣù karùn-ún, ó kan Àǹtí Aránṣọ. Ìjerò ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Wọ́n ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan ní Adó, tòkunbọ̀, irú èyí tí mọ́tò ń gbé, wọ́n ti fi àsansílẹ̀ dè é, ẹni tó ń tà á sì ti sọ pé òun ò ní dì í mú kọjá Sátidé. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, Àǹtí tẹ "ko". Fóònù kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn pé ó jọ pé èyí ò ní lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Àmì pupa jáde: failed. Wọ́n tún un tẹ̀. Pupa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó tún wá bí wọn nínú ni pé owó gáàsì lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò tó 100 náírà, ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe ń rí lára èèyàn: o ò rí tìrẹ gbà, wọ́n tún yọ díẹ̀ lára rẹ.

Kí n tètè sọ ọ́, gáàsì yẹn kì í ṣe olè jíjà. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìwé ìṣirò náà ní láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rí i pé kò ṣeé ṣe. Bí o bá pe kápẹ́ńtà wá wo òrùlé, tó gun àkàbà, tó ní igi rẹ ti jẹrà, kò lè gbé páànù, wàá ṣì fún un lówó ọkọ̀. Lórí Ethereum, kí ó tó di oṣù kẹwàá 2017, bí contract bá kọ iṣẹ́ láàrin, ó sábà máa ń gbé gbogbo gáàsì tí o gbé kalẹ̀ jẹ ni, kò sì ní sọ ìdí kankan fún ọ. Àtúnṣe kan tí wọ́n pè ní Byzantium ní oṣù náà ló jẹ́ kí contract lè dúró láàrin, kó dá gáàsì tó kù padà fún ọ, kó sì rán ọ̀rọ̀ ìdí tó fi kọ̀ sí ọ. Ẹni tó kọ contract náà ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kí ó tó gbé e síta.

Àwọn kan nílé bèèrè pé, ó dáa, kí ló dé tí kò fún Àǹtí ní ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ ná? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹyọ ìlà kan nínú òfin bá kọ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò yí padà sí bó ti wà, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan. Mo rò ó pé àwa ará apá ibí yìí ló yẹ kó mọ iyì irú ìyẹn. Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, kò jìnnà sí wa. Nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn láti parí ogun Kírìjì ní 1886, ọ̀kan nínú ohun tí àdéhùn náà là sílẹ̀ ni pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kúrò níbi tí wọ́n wà. Ìyẹn ò ṣẹ nígbà náà. Àdéhùn wà lórí ìwé, ìdajì rẹ̀ ṣẹ, ìdajì ò ṣẹ, àwọn ọmọ ogun ò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Contract kò mọ ìdajì. Ìyẹn dára, ó sì burú, bí ẹ ó ti rí i.

Injiníà, ọmọ Èkìtì gidi, Yorùbá ló fi kọ ọ̀rọ̀ ìdí tirẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ àmì pupa náà nìyí, ní lẹ́tà gàdàgbà, láìsí àmì ohùn kankan:

ENI KAN KO TII SAN

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àǹtí gbé fóònù náà wá sí Arámọkọ. Màmá Àgbà ti ṣe tíṣà rí. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á, wọ́n gbójú sókè: "Ta ni kò tíì sàn? Ta ni ara rẹ̀ ò yá tí ẹ ò sọ fún mi?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó kẹ́yìn nìyẹn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Nítorí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé ta ni kò tíì san. Injiníà ṣí contract wò láti Ẹ̀fọ̀n. Orúkọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí ni Bọ̀ọ̀dá London. Wọ́n pè wọ́n. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ti san láti ọjọ́ 2 oṣù, wọ́n sì ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wọn ránṣẹ́: 50 USDT ti lọ, ó ti parí, àdírẹ́sì èsúsú ló lọ sí. Nígbà náà ni ilé pín sí méjì. Apá kan ní Bọ̀ọ̀dá ló ṣe àwòrán ayédèrú, pé ẹni tó wà lókè òkun tí kò lè san 50 dọ́là, ojú ń tì í ni. Apá kejì ní Injiníà ló ti kó o jẹ, ṣebí òun ló kọ nǹkan náà.

Kí ẹ tó sọ pé ẹbí wa ò ní ìfọkàntán, ẹ rántí ìgbà tí à ń wí. Oṣù kẹrin 2025, ìyẹn oṣù tó ṣáájú, ni CBEX, tó ń ṣèlérí ìlọ́po owó fún àwọn èèyàn, ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn tó fowó sí i ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, wọ́n kó ohun tí wọ́n rí kó. Gbogbo ilé ìjọsìn àti gbogbo ìsọ̀ ní Èkìtì ló ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ kíríptò lásìkò yẹn, olè ló gbọ́. Ní ti CBEX, ohun tí àwọn èèyàn ń rí jẹ́ òǹkà tí àwọn kan tẹ̀ sójú fóònù wọn. Ìgbà tí òǹkà yẹn kọ̀ láti di owó, kò síbi tí wọ́n ti lè lọ kà á pé kí ló dé. Tiwa yàtọ̀, àmọ́ ta ni yóò dúró gbọ́ ìyàtọ̀?

Ní ìdí kànga, ìyá Àǹtí sọ ọ̀rọ̀ náà síta: olè. Ìyá Bọ̀ọ̀dá London wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n gbọ́. Àwọn ìyá méjì yìí ti ń gúnyán nínú odó kan ṣoṣo láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni àkọ́kọ́ lọ yá odó níta.

Mo wà nílé fún ìsinmi. Màmá Àgbà pè mí wọ yàrá. "Ìwọ ò sí nínú èsúsú wọn. O ò san níbẹ̀, o ò kó níbẹ̀. Wọ́n ní ìwé kan wà tó ń sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ bá wọn kà á. Ṣebí ìwé kíkà ni wọ́n rán ọ lọ kọ́?"

Mo gun ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ìsọ̀ Injiníà ò jìnnà sójú títì. Mo bá a tó jókòó láìṣe nǹkan kan. Ó ní oníbàárà kan ti wá gba fóònù rẹ̀ láàárọ̀ láìtíì tún un ṣe, kò sọ ìdí. Ọ̀rọ̀ ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n ṣáájú mi.

Mo sọ fún un pé kí ó má sọ nǹkan kan fún mi àfi tí mo bá bi í, mo sì ṣí BscScan lórí fóònù tèmi. Ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ti lè wo gbogbo ohun tó bá kọjá lórí BNB Chain, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé báwo ni contract rẹ̀ ṣe ń mọ ẹni tó san. Ó fi ìlà rẹ̀ hàn mí. Bí ẹnì kan bá tẹ "san", contract yóò lọ bá USDT, yóò ní kó fún òun ní 50 láti ọwọ́ ẹni yìí. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti yọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ USDT. Bí USDT bá ti gbé owó náà wá, contract á wá kọ onítọ̀hún sínú ìwé rẹ̀ pé ó ti san. Orúkọ mẹ́sàn-án ló kọ lóṣù yẹn. Ó dáa.

Mo ní: "Èló ló wà nínú àpò rẹ̀ báyìí?"

Ó ní 450 ni yóò wà. Mo wò ó. 500 ni.

Mo tún un kà. Injiníà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó fúnra rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, orúkọ ni gbogbo èèyàn ń bi í, orúkọ náà ló sì ń wò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè àpò. Owó ẹni mẹ́wàá wà nílẹ̀, orúkọ ẹni mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé. A jẹ́ pé 50 dọ́là kan wà níbẹ̀ tí kò ní orúkọ.

A pe Bọ̀ọ̀dá London, a ní kí wọ́n fi nọ́ńbà gígùn tó wà nísàlẹ̀ àwòrán wọn ránṣẹ́, nọ́ńbà fúnra rẹ̀, kì í ṣe àwòrán. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú BscScan. Àmì àwọ̀ ewé ló fi hàn: ó yọrí. Ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, 50 USDT, ó dé ọwọ́ contract èsúsú. Bọ̀ọ̀dá ò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn mẹ́sàn-án yòókù, mo rí ohun méjì tó yàtọ̀. Lára tiwọn, ohun tí wọ́n kọ ni "San", contract èsúsú ni wọ́n sì kọ iṣẹ́ náà sí. Lára ti Bọ̀ọ̀dá, "Transfer" ni, USDT fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí, pé kó gbé 50 fún àdírẹ́sì báyìí báyìí. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ́ sì ni àdírẹ́sì Bọ̀ọ̀dá tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àdírẹ́sì ilé ìpààrọ̀ owó tí wọ́n ń tọ́jú owó wọn sí ni.

Bọ̀ọ̀dá wá ṣàlàyé. Fóònù wọn bàjẹ́ ní ìparí oṣù kẹrin, orí rẹ̀ sì ni wọ́lẹ́ẹ̀tì wà. Wọn ò fẹ́ pẹ́ san. Wọ́n gba orí kọ̀ǹpútà wọlé sí ilé ìpààrọ̀ náà, wọ́n da àdírẹ́sì tó wà lórí WhatsApp ẹbí kọ, wọ́n rán owó. "Àbí àdírẹ́sì yẹn kọ́ ni?" Àdírẹ́sì yẹn ni o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. USDT ní ìwé ìṣirò tirẹ̀. Ìlànà tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé, ERC-20, ti wà láti oṣù kọkànlá 2015, BNB Chain sì ń lo irú rẹ̀. Bí o bá fi USDT ránṣẹ́ lásán, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé USDT dín nọ́ńbà kan kù nínú ìwé tirẹ̀, ó fi kún òmíràn. Kò lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó gbà á. Bó bá jẹ́ èèyàn ló gbà á, kò burú, yóò ṣí fóònù, yóò rí i. Contract kò lójú. Kì í jí àfi bí ẹnì kan bá pè é. Ṣe ló dà bí ìgbà tí akọ̀wé èsúsú jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, tí ẹni mẹ́sàn-án gba iwájú rẹ̀ kọjá, tí wọ́n san, tó kọ wọ́n sílẹ̀. Tí ẹnì kẹwàá wá gba ojú fèrèsé, ó ju owó tirẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá, ó lọ. Owó wà nínú ilé. Akọ̀wé ní kò san. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ó ti ṣe àwọn tó ju Bọ̀ọ̀dá lọ. Láti 2017 ni àwọn kan ti ń dábàá ìlànà míràn tí yóò jẹ́ kí owó kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé ti mọ́ lára ni wọ́n ṣì ń lò. Tí a bá sì ń sọ̀rọ̀ owó tó há, ẹ lọ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn wọ́lẹ́ẹ̀tì Parity ní oṣù kọkànlá 2017: ẹnì kan pa contract tí gbogbo wọn gbára lé, ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀, ether tó lé ní 500,000 sì há sínú wọn.

Mo bi Injiníà pé ṣé kò lè wọlé lọ mú 50 náà. Kò lè ṣe é. Contract tó ti wà lórí blockchain báyẹn, kò ṣeé tún kọ, kò sì kọ ojú ọ̀nà kankan sínú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ lè gbà, torí ohun tí ẹbí fẹ́ gan-an nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni má lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọn ò fẹ́ olórí. Èmi ò sí nínú èsúsú, ẹnu mi lè máa gùn, àmọ́ mo rò ó nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń padà bọ̀ pé olórí èsúsú tó bá jẹ́ èèyàn ì bá ti bá 50 dọ́là lórí ẹní, ì bá sì ti pariwo pé, "Ta ló jù ú síbí o?" Ó lè jẹ́ olè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yóò bèèrè.

Nílé, Màmá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí dé orí fèrèsé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Nítorí náà, ọmọ yẹn san?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá Àǹtí. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, èmi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tí ìyá Àǹtí rékọjá sí ilé kejì, tí wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níwájú ìyá Bọ̀ọ̀dá London, wọn ò sì tètè dìde.

Ọ̀rọ̀ owó ló ṣòro ju ìyẹn lọ. Contract ṣì ń retí orúkọ kẹwàá, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹnì kan tún san 50 láti àdírẹ́sì Bọ̀ọ̀dá. Injiníà ní òun yóò san án, pé òun ni òun kò kan irin mọ́ fèrèsé. Bọ̀ọ̀dá ní ẹni tó pè wọ́n lólè ni kó san án. Màmá Àgbà ní kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dá 5 dọ́là 5 dọ́là, kó tán síbẹ̀. Ó tán síbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá ti kọ ọ̀rọ̀ méjìlá tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì sórí ìwé, wọ́n rí i ṣí lórí fóònù tuntun, wọ́n gba 50 náà sí i pẹ̀lú BNB díẹ̀ fún gáàsì, wọ́n tẹ "san". Ní alẹ́ Ẹtì, Àǹtí tẹ "ko" nínú yàrá Màmá Àgbà, gbogbo wa sì dì mọ́ wọn lẹ́yìn. Kí n tó mí kanlẹ̀, àmì àwọ̀ ewé ti jáde. 500 dọ́là, ó sún mọ́ 800,000 náírà nígbà náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti wà ní Ìjerò báyìí, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Àǹtí ní ohun tó dáa ni wọ́n rà.

Bọ̀ọ̀dá London san títí èsúsú náà fi parí, wọ́n sì kó tiwọn. Wọ́n ti kúrò lórí WhatsApp ẹbí. Wọ́n máa ń pe ìyá wọn ní tààràtà.

Injiníà ti ń kọ contract tuntun fún àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ojú ọ̀nà kan sínú rẹ̀ fún owó tí kò bá lórúkọ, àfi kí ẹni mẹ́fà nínú mẹ́wàá fọwọ́ sí i kó tó lè ṣí. Ó ní kí èmi bá òun kọ àwọn ọ̀rọ̀ ìdí. Mo ti kọ wọ́n fún un: "O ti san ti oṣù yìí." "Kò tíì kàn ọ́." "Owó ń bẹ nílẹ̀ tí kò lórúkọ." Èyí tí mo fi ṣe àkọ́kọ́ ni "Ẹnì kan kò tíì san owó", pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ń ráhùn. Ó ní èdè tí òun fi ń kọ ọ́, Solidity, kì í gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ àfi tí òun bá kọ unicode síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti pé àmì wa ń jẹ ààyè: "e" lásán ń gba báìtì kan, "ẹ́" ń gba márùn-ún, mẹ́ta fún lẹ́tà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, méjì fún orí. Báìtì kọ̀ọ̀kan ló sì ní gáàsì tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé contract síta. Ó ní ṣé òun ò lè yọ wọ́n kúrò, ṣebí gbogbo ẹbí ló ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ báyìí.

Mo ní kó san án.